Táyà Wo Ló Yẹ Jíìpù Tí A Gbé Sókè?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ni ó sì yẹ kí ọlọ́kọ̀ wò kí ó tó ra táyà. Ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn àti ní Oǹdó Èkìmọ̀gún lónìí, níbi tí jíìpù kéékèèké tòkunbọ̀, RAV4, CR-V, Highlander àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ti di ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ oníṣòwò, ọkọ̀ pásítọ̀ àti ọkọ̀ àgbẹ̀ tí ó ní kòkó lóko, àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín wa tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò: ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí màbo lọ́nà oko, ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì ni í kọ́kọ́ gbà lọ pé kí ó bá òun gbé ọkọ̀ sókè, nígbà tí wọ́n bá gbé e tán, tí ó sì rí i pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wá tínrín lábẹ́ ara rẹ̀, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá táyà tí eyín rẹ̀ le lójú, yóò sì rà á nítorí ìrísí rẹ̀. Èrò mi ni pé ohun tí ó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n ń fi sẹ́yìn nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé táyà nìkan ni ó ń fara kan ilẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ń bẹ lára ọkọ̀. Òun ni yóò pinnu bóyá ọkọ̀ yóò jáde nínú ẹrẹ̀, òun náà ni yóò sì pinnu bóyá yóò dúró nígbà tí a bá tẹ búréèkì.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀dá tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́. Ọdún 1994 ni Toyota gbé RAV4 jáde ní Japan, ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Honda gbé CR-V tirẹ̀ jáde. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá pẹ̀lú Hilux tàbí Land Cruiser, nítorí pé wọn kò gbé wọn ka orí irin gbọọrọ méjì tí ó dá dúró lábẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọkọ̀ kékeré, tí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ egungun rẹ̀, ni wọ́n ṣe mọ wọ́n, tí wọ́n wá fi ìwọ̀nba gíga kún un. Toyota kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa: ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni Olóyè Michael Ade.Ojo, olùdásílẹ̀ Elizade, ẹni tí ó fi títa Toyota di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jákèjádò Nàìjíríà. Bóyá ìdí nìyí tí a fi fọkàn tán orúkọ náà débi pé a rò pé ohunkóhun tí ó bá ti ń jẹ́ Toyota lè ṣe iṣẹ́ Hilux. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ti Amẹ́ríkà wọlé ni ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, lára ọ̀pọ̀ èyí tí ó sì ní agbára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàápàá, agbára náà kì í dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àfi nígbà tí iwájú bá ti ń yọ̀.

Síbẹ̀, àwa tí a mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò lè bá ẹni tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè wí. Títì ọlọ́dà ni ó ti Àkúrẹ́ gba Àpọ́nmú àti Ọ̀wẹ́nà dé Oǹdó, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yà kúrò lójú títì náà sí àwọn abà tí ó yí Bọ́lọ́runduró ká, tàbí tí ó gba ọ̀nà Ọ̀dà jáde ní Àkúrẹ́ lọ sínú oko kòkó, kò níí pẹ́ tí ọ̀dà yóò fi parí. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀, àwọn ọkọ̀ agbégẹdú ni wọ́n sì ń bá àgbẹ̀ lo ọ̀nà kan náà. Ọkọ̀ tí ó ru ìtì igi ràgàjì a fi ipa méjì jíjìn sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àárín ipa méjèèjì a sì yọ sókè gángan bí ebè, tó bẹ́ẹ̀ tí jíìpù kékeré tí ó bá tẹ̀lé ipa náà yóò máa fi ikùn wọ́lẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n ṣe ń fi irin róbótó sórí ṣọ́ọ̀kì, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì sí èyí tí ó ga jù ú lọ, tàbí kí wọ́n ki rọ́bà líle sáàárín ìká sípíríǹgì, èyí tí ó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé kì í jẹ́ kí sípíríǹgì ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ọkọ̀ a sì máa fò lórí gbogbo gegele. Íǹṣì méjì ni ibi tí ọlọ́gbọ́n ń dúró sí nínú gbígbé irú ọkọ̀ yìí sókè. Bí a bá kọjá ibẹ̀, ṣáàfù tí ń yí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, rọ́bà tí ó bo gírísì rẹ̀ yóò fàya, iyanrìn yóò sì wọ inú rẹ̀.

Ohun kan wà tí mẹ́káníìkì kì í sábà sọ fún oníbàárà, tí ó sì kan ọ̀rọ̀ táyà gbọ̀ngbọ̀n. Irin tí wọ́n fi sórí ṣọ́ọ̀kì ń ti ara ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ táyà ni, kò ti àwo tí sípíríǹgì jókòó lé kúrò. Àwo yẹn àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n jọ ń rìn. Nítorí náà, táyà gíga tí ó ń fi orí gbá àwo sípíríǹgì kí a tó gbé ọkọ̀ sókè, yóò ṣì máa gbá a lẹ́yìn tí a bá gbé e tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè gbalasa ti wà láàárín òun àti ìbòrí òde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná owó lẹ́ẹ̀mejì: wọn a ra táyà ńlá, kò níí wọ̀, wọn a sì tún padà lọ rà á ní kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a ka ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà kan. Bí ẹ bá rí 225/65R17 102H, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lára CR-V àti RAV4 tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2007, ohun tí ó ń wí ni pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, pé ríìmù íǹṣì 17 ni ó ń wọ̀, pé ẹyọ rẹ̀ kan lè ru kílò 850, àti pé kò yẹ kí eré rẹ̀ kọjá kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé láti ilẹ̀ dé orí táyà náà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 724. Bí a bá fi 235/65R17 rọ́pò rẹ̀, gíga náà di 737. Bí a bá sì ta á nù pátápátá, tí a lọ mú 245/65R17 tí Highlander ń wọ̀, ó di 750. Mìlímítà 26 ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìdajì yòókù bọ́ sókè, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mìlímítà 13 péré ni ikùn ọkọ̀ fi kúrò nílẹ̀, kò tó fífẹ̀ àtàǹpàkò. Nítorí èrè kékeré yìí, aago eré ọkọ̀ yóò máa parọ́, bí ó bá ń wí pé 100 ni a ń sá, a ti kọjá 103. Ẹ́ńjìnnì kékeré náà yóò máa mí hẹlẹ. Táyà yóò sì máa họ abẹ́ ìbòrí bí a bá ti ṣẹ́ sítíárì dé òpin. Èmi kò rí ìdí tí ènìyàn fi gbọdọ̀ kọjá ipele kan sókè lórí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ nílò ipele kan yẹn.

Ìdílé mẹ́ta ni táyà jíìpù pín sí, àwọn tí ń tà á láàárín ìlú sì mọ lẹ́tà wọn dáadáa. H/T ni ti ojú títì, eyín rẹ̀ sún mọ́ra, kì í pariwo, kì í sì jẹ epo. M/T ni ti ẹrẹ̀, eyín ràgbàràgbà tí àlàfo ńlá wà láàárín wọn. A/T, ti gbogbo ilẹ̀, ni ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ọdún 1976, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, ni BFGoodrich ti Amẹ́ríkà gbé All-Terrain T/A rẹ̀ jáde, tí ó fi ọ̀nà han àwọn yòókù. Àmọ́ fún ọkọ̀ akẹ́rù àti jíìpù ńlá ni wọ́n ń ṣe A/T ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìgbà tí jíìpù kéékèèké gba ayé kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe èyí tí ó fúyẹ́, tí ó yẹ wọ́n, bíi Wildpeak A/T Trail ti Falken, tàbí àwọn ìwọ̀n kékeré nínú Geolandar A/T ti Yokohama.

Kí ni A/T lè ṣe ní ilẹ̀ tiwa? Orí àpáta ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó jókòó lé, àpáta kan náà tí ó yọ gàgàrà sókè ní Ìdànrè. Bí àpáta náà ṣe ń jẹra láti ayébáyé ni ó di amọ̀ pupa tí kòkó fẹ́ràn, tí òkúta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú sì fọ́n ká inú rẹ̀. Ẹ dúró ti táyà A/T kan nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà oko lẹ́yìn òjò. Ní ìyípo àkọ́kọ́, eyín rẹ̀ a bu amọ̀. Kó tó yí tó ẹ̀ẹ̀mẹta, amọ̀ ti kún gbogbo àlàfo àárín eyín. Bí awakọ̀ bá ń rọra tẹ̀ ẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, amọ̀ náà kò níí jábọ́, táyà a sì di róbótó pupa kan tí ń yí lójú kan náà, bí ẹni pé kò léyín rí. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá fi iná sí i díẹ̀, tí ó sì di sítíárì mú gírígírí, amọ̀ a máa fò kúrò lára rẹ̀, eyín a sì tún rí ilẹ̀ bù. M/T ń tu amọ̀ náà dànù láìjẹ́ pé a ń fi agídí sí i. H/T ní tirẹ̀ kò lè tu ú rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ pé oògùn ẹrẹ̀ ni A/T. Ibi tí agbára rẹ̀ wà gan-an ni orí ilẹ̀ olókùúta, nínú ipa gbígbẹ tí agbégẹdú fi sílẹ̀, lórí yanrìn pupa tí ó yọ̀, àti nínú ẹrẹ̀ tí kò jìn ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: ẹni tí ó ra táyà ní oṣù kìíní, tí ó gbé e lọ sóko tí ó sì padà wá ń yìn ín, kí ó mú sùúrù di oṣù kẹsàn-án.

Ìdí tí èmi kò fi gba ọlọ́kọ̀ kékeré níyànjú láti lọ ra M/T ni pé bí a bá ka ìrìn rẹ̀, ojú títì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ń gbé Àkúrẹ́ tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn Oǹdó, ọ̀dà ni yóò fi rin ọ̀pọ̀ ọ̀nà náà kí ó tó kan ilẹ̀. Lórí ọ̀dà tí òjò ti pa, eyín ńláńlá kò ní ojú tí ó tó láti fi di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ a sì gba àyè gígùn kí ó tó dúró. A/T fúnra rẹ̀ ní díẹ̀ nínú àbùkù yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti táyà tí wọ́n kọ LT síwájú nọ́mbà rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, òkúta kì í tètè gún un, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ju ti táyà lásán lọ, lábẹ́ CR-V yóò sì le bí ẹni pé sípíríǹgì ti dákú. Ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe pàtàkì o, n kò kóyán rẹ̀ kéré. Páńṣà tí ó bá wà lójú táyà, fọ́kánáísà yóò fi rọ́bà dí i, ọ̀rọ̀ sì parí. Èyí tí òkúta ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí àtúnṣe gidi fún un, bí wọ́n bá sì ki túùbù sínú rẹ̀ kí ẹ lè délé, kí ó má kọjá ilé.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí olùkàwé dúró pẹ̀lú mi jù lọ ni ọjọ́ orí táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́mbà mẹ́rin ni ó gbẹ̀yìn, inú àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń wà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀, kì í yé kìlọ̀ pé táyà tí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin kò yẹ ojú títì wa. Ní ìlú òtútù, àwọn tí ń ṣe táyà lè fún un ní ọdún mẹ́wàá. Oòrùn ilẹ̀ wa kò fún un ní ìyẹn, nítorí pé ooru ni ó ń gbẹ òróró inú rọ́bà, tí ó ń mú kí irin inú rẹ̀ àti rọ́bà ìta máa yà kúrò lára wọn láìjẹ́ kí ojú rí i. Bí eyín táyà bá ṣì ga, tí ó ń dán, ìyẹn kò ní kí ó má jẹ́ òkú. Mo ti rí i níbi tí ọmọdékùnrin kan ti fi kànrìnkàn tẹ ìpara dúdú, tí ó ń fi pa ẹ̀gbẹ́ táyà tòkunbọ̀ títí ó fi ń dán gbinrin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ó ti sán nídìí eyín rẹ̀ kò bò bí a bá fi àtàǹpàkò méjèèjì fa eyín náà ya síra. Ìdánwò yẹn kò gba owó, kò sì gba àkókò. Ẹ máa ṣe é.

Òfin Nàìjíríà ka táyà àlòkù sí ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ wọ́n kún ọjà. A kò lè dá ẹ̀bi náà lé àwọn tí ń tà á nìkan lórí. Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà nílé: Michelin ní ilé-iṣẹ́ ní Port Harcourt, Dunlop ní tirẹ̀ ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n Michelin ti ilẹ̀kùn ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Táyà tí ó ń jẹ́ Dunlop ní Áfíríkà lónìí, ilé-iṣẹ́ Sumitomo ti Japan ni ó ń ṣe é, ní Ladysmith ní South Africa. Ó ń dùn mí pé ìpínlẹ̀ tí ó gbin rọ́bà sí Àràròmí-Ọbù, tí ó ń kọ igi rẹ̀ lára kí oje rẹ̀ lè ro, ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kí ó tó rí táyà tí yóò fi dé oko rọ́bà náà.

Ìdẹkùn kan wà nínú tòkunbọ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ń wá A/T mọ̀. Ọ̀pọ̀ táyà tí ń ti Yúróòpù wá ni ó jẹ́ ti ìgbà òtútù, tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe kí ó má baà le nínú yìnyín. Eyín wọn pọ̀, ó le lójú, M+S sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé táyà oko ni. Bí ẹ bá rí àwòrán òkè onísóńsó mẹ́ta tí ìtànná yìnyín wà láàárín rẹ̀, tí gbogbo eyín táyà náà sì ní gígé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé abẹ ni wọ́n fi là á, ẹ fi í sílẹ̀. A/T tòótọ́ lè ní àwòrán yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n eyín tirẹ̀ nípọn, gígé ara rẹ̀ kò pọ̀, ó sì le bí a bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Táyà òtútù nínú oòrùn oṣù kẹta ní Àkúrẹ́ yóò jẹ tán kíákíá, yóò gbóná, kò sì sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí táyà tí ó bẹ́ lórí eré ń dá sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ra táyà rere, ọwọ́ fọ́kánáísà ni ó kù sí. Nọ́mbà afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, 32 tàbí 33 ni ó sábà máa ń jẹ́ fún irú ọkọ̀ yìí. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà jẹ́ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tí a ń lò, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fún un ní 45 nítorí pé jíìpù ni. Ẹni tí ẹrẹ̀ bá mú lè dín in kù sí nǹkan bí 20 kí ojú táyà lè tẹ́ sórí ilẹ̀, kí ó rọra wakọ̀ jáde, kí ó sì tún un fẹ́ kí ó tó kan ọ̀dà. Nítorí èyí, pọ́ńpù kékeré tí ń lo bátìrì ọkọ̀ yẹ kí ó wà nínú búùtù gbogbo ẹni tí ń lọ oko. Lẹ́yìn gbígbé ọkọ̀ sókè, aláíńmẹ́ǹtì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan táyà tuntun yóò jẹ tán ní oṣù díẹ̀. Àṣà ríra méjìméjì náà kò dára, pàápàá fún ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́: bí iwájú bá ga ju ẹ̀yìn lọ, ẹ̀rọ tí ń pín agbára láàárín wọn yóò rò pé ẹsẹ̀ kan ń yọ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹni tí ó gbé ọkọ̀ sókè nítorí ẹwà, tí kò sì kúrò láàárín Alágbàka àti Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, tàbí Yàbá àti Òkèlísà ní Oǹdó, H/T tuntun ni kí ó rà, yóò sì rí àǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ẹni tí ń lọ oko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, A/T fífúyẹ́ tí kò ní LT, ní ìwọ̀n tí ó bá ọkọ̀ wá tàbí ipele kan péré sókè, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú táyà ìpààrọ̀ kan, ni kí ó rà: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, owó náà yóò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹni tí ó ń gbé inú oko, tí ẹrẹ̀ jẹ́ ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, jíìpù kékeré kọ́ ni ọkọ̀ rẹ̀, kí ó wá Hilux. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì ká táyà mẹ́rin àti gbígbé ọkọ̀ sókè pa pọ̀, kí ó ra táyà, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà ní gíga tí ó bá a.